Alert Tí Kò Wọlé Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀ Oníbàárà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi sọ ohun tí ojú èmi, ìyá mi àti ọmọ mi rí lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta bọ́gà ní Wuse 2, níbí l'Ábújá. N kò ní dárúkọ wọn, torí kì í ṣe ìjà ni mo ń wá, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá ti ibì kan ṣoṣo.

Ọmọ mi pé ọdún mẹ́wàá. Mo bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, ó ní bọ́gà, irú èyí tí òun máa ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa láti Ọ̀ffà. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 74, wọn ò sì jẹ bọ́gà rí láyé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn á bá ọmọ ọmọ àwọn jẹ ẹ́ kí inú rẹ̀ lè dùn. Màmá wé gèlè, wọ́n fi ìpèlé lé e. A wọ bọ́ọ̀sì láti Kubwa dé Berger, a tún wọ takisí débẹ̀.

A ra bọ́gà mẹ́ta, ọ̀dùnkún díndín àti ohun mímu. Mo ti ṣírò rẹ̀ lára pátákó tí wọ́n kọ iye owó sí: 20,000 náírà géérégé. Nígbà tó dórí ẹ̀rọ, ó di 21,500. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ní VAT ni, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo mọ VAT, n kò sì bá ìjọba jà lórí ẹ̀. Ẹ ṣáà kọ iye tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ èèyàn sára pátákó. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ ọ́ ní abala 115 pé ẹni tó ń tajà kò gbọdọ̀ gbà ju iye tó kọ síta lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, òun kọ́ ló mú mi kọ̀wé.

Wọ́n ní ẹ̀rọ P.O.S. àwọn kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí n fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Mo fi ránṣẹ́. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo na fóònù sí ọmọbìnrin náà, kò wò ó. Ó ní kò tíì wọlé sọ́dọ̀ àwọn, ká yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn tó wà lẹ́yìn wa lè rí ọ̀nà. A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n pe nọ́ńbà wa, 47. Wọ́n gbé oúnjẹ wa sórí káńtà nínú àpò bébà, wọ́n sì tún fà á sẹ́yìn sọ́dọ̀ ara wọn, níbi tí ọwọ́ wa kò ti lè tó o. Ọmọ mi dúró, ó ń wo àpò yẹn. Òróró bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nídìí rẹ̀, àmì kékeré bíi kọ́bọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ẹni tó tẹ̀lé wa ń gba tiwọn, wọ́n ń lọ jókòó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì jáde láti inú. Wọ́n ní òun ni mánéjà. Ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo Màmá, ó wá gbóhùn sókè lójú gbogbo èrò, ó ní irú alert báyìí, tí owó kì í tẹ̀lé, làwọn ń rí lójoojúmọ́, kí n tún owó san tàbí kí n dúró. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ohùn, wọ́n sì rí ojú. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ní a jí?"

Olóòtú, n kò rí èsì fún wọn.

Mẹ́gáàdì ilé oúnjẹ náà ló rí Màmá níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ti ògiri. Bàbá Hausa kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó gbé àga tirẹ̀ wọlé, àga rọ́bà tó ti ya lápá kan, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó ní, "Sannu, Mama, zauna," ìyẹn ni pé ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá, ẹ jókòó. Ó sì padà lọ dúró lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà títí a fi kúrò níbẹ̀. Kí Ọlọ́run bá mi san oore fún un.

Aago méjì lù kí owó náà tó wọlé. Àádọ́ta ìṣẹ́jú. Wọ́n ti àpò náà sí wa, "Madam, ó ti wọlé." Kò sí "ẹ máa bínú." Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa gbé e kaná díẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dùnkún ti rọ bí aṣọ tí a rẹ sómi. Ọmọ mi jẹ díẹ̀, ó ní ó dùn, torí ó rí i pé mo ti fẹ́ sunkún. Màmá ní ebi ò pa àwọn mọ́.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Oní-P.O.S. ni èmi fúnra mi, ní Kubwa, mo sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí wàhálà owó tuntun ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tó dé, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, tí èèyàn ń tò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kó tó rí 5,000 gbà. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kọ́ bí a ṣe ń fi fóònù sanwó ẹ̀pà. Ìgbà yẹn náà ni ayédèrú alert gbòde. Wọ́n ti fi lu èmi náà ní jìbìtì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sunkún lórí 40,000 tó lọ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, n kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ń ṣọ́ra. Kí a ṣọ́ra yàtọ̀ sí kí a sọ ọmọlúàbí di olè lójú ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà wà tí a ń gbà. Gbogbo owó tí a bá fi ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára rìsíìtì, èyí tí a ń pè ní session ID. Ọgbọ̀n ni òǹkà inú rẹ̀. Báǹkì ẹni tí owó ń lọ bá lè fi nọ́ńbà yẹn tọpa owó náà. Oníjìbìtì lè fi irọ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n báǹkì á sọ pé àwọn ò rí i. Bó bá ṣẹlẹ̀ nídìí iṣẹ́ tèmi, mo máa ń ya fọ́tò rìsíìtì, máa gba nọ́ńbà fóònù oníbàárà, máa fún un ní bẹ́ǹṣì kó jókòó, máa sì pe báǹkì mi. Iṣẹ́ mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Àkáǹtì mi lowó ń bọ̀, èmi ni mo ní báǹkì tí mo lè bi léèrè. Ilé oúnjẹ tó ní èèyàn mẹ́jọ lẹ́yìn káńtà kò yan ẹnì kan fún èyí.

Ẹni tó ń ta súyà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi, àtùpà kan àti tábìlì kan ló ní. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dá a dúró, á di súyà rẹ, á ní "ba komai," ìyẹn ni pé kò sí wàhálà, á kọ orúkọ rẹ sára páálí. N kò ní kí ilé oúnjẹ ńlá máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú wọn, tó ti fi fóònù, rìsíìtì àti ojú ara rẹ̀ hàn, kí ni wọ́n tún ń wá?

N kò di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọbìnrin tó ń gbowó. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí, 70,000 náírà, láti ọdún 2024 ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo ná lọ́jọ́ yẹn ti ń lọ sí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá máa yọ owó tó sọnù nínú owó oṣù rẹ̀, báwo ni kò ṣe ní máa wo gbogbo wa bí olè? Ìyẹn náà ni kí àwọn ọ̀gá wọn tún ṣe.

Àjọ FCCPC, tí ọ̀rọ̀ oníbàárà wà lọ́wọ́ wọn, níbí l'Ábújá ni wọ́n wà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ fún àwọn ilé oúnjẹ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lè dá ẹni tó ti sanwó dúró, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo wa á ti rí i.

Rìsíìtì mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀. Bí mánéjà yẹn bá ka lẹ́tà yìí, á mọ̀ pé òun ni mo ń bá wí. N kò béèrè owó padà. Màmá ṣì wà lọ́dọ̀ mi di òpin oṣù yìí, bó bá fẹ́ wá bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oní-P.O.S. kan,
Kubwa, Àbújá.