Ẹ má gbé iná èédú wọlé torí òjò

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ ò ní pa yín lára.

Mo ka lẹ́tà ẹnì kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni náà ní ká jáwọ́ nínú kéèyàn máa yan nǹkan níta, ó ní èéfín ti pọ̀ jù nígboro, wọ́n sì ń gé igi tán torí èédú, pé kí kálukú lọ ra gíríìlì oníná, èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì nínú kíṣìnì, kó máa fìyẹn yan ẹja ẹ̀ nínú ilé. Ó wá fi kún un pé ìwà ará oko ni iná èédú. Ibi tó dé yẹn ló dùn mí, torí èmi ti lo méjèèjì, mo sì mọ ohun tójú mi rí nídìí ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ìyá mi sun bọ̀ọ̀lì tà létí títì ní Mọ́níyà fún ọdún 19. Dúróòmù tí wọ́n là sí méjì, wáyà lórí ẹ̀, èédú nísàlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá rò pé kéèyàn kàn da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí iná ni, kò tíì dúró ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe rí. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni màámi fi ń wọn iná, wọ́n á nà án sókè wáyà, tọ́wọ́ ò bá lè gbà á kí wọ́n tó ka ẹẹ́ta, iná ti le jù nìyẹn, wọ́n á bu eérú bo ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n gan-an á lọ síbi eérú torí adùn ẹ̀ máa ń tètè jó, èyí tó ṣì le díẹ̀ á wà láàárín. Tó bá jinná wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ibi tó dúdú kúrò títí àwọ̀ rúsúrúsú yẹn á fi yọ, wọ́n á wá wé e sínú ìwé ìròyìn. (Ẹ dákun, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń tà á kí wọ́n padà sí ewé, ínkì ara bébà ò dáa kó máa kan oúnjẹ gbígbóná.) Owó bọ̀ọ̀lì yẹn ló rán mi nílé ìwé, mi ò lè jókòó kẹ́nì kan máa pe iṣẹ́ yẹn níwà ará oko.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbà pẹ̀lú akọ̀wé yẹn, mo tiẹ̀ gbà á ju bóun gan-an ṣe sọ ọ́ lọ. Iná èédú ò gbọdọ̀ wọ inú ilé rárá.

Lóṣù keje ọdún 2022, gáàsì tán, Nẹ́pà ò sì gbé iná wá látàárọ̀. Mò ń yan àrọ̀ méjì lẹ́yìnkùlé, bí òjò ṣe dé nìyẹn, òjò ńlá. Mo wo ẹja tí ò tíì jinná, mo wo ojú ọ̀run, mo bá gbé gbogbo ẹ̀ wọ kíṣìnì, òjò ń fẹ́ wọlé lójú fèrèsé, mo tì í pa. A yan ẹja tán, a jẹun tán, èédú ṣì pọ́n lábẹ́ eérú, kò sí èéfín kankan, òtútù sì ń mú, mo wá ní káwọn ọmọ mi méjèèjì fa ẹní wọn sún mọ́ ọn. Ẹnu mi ló sọ ọ́ o, èmi ìyá wọn. Nígbà tó tó bí aago mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n ní orí ń fọ́ òun, àbúrò bì, mo ní bóyá ẹja ni ò bá a lára mu, mo fẹ́ dìde lọ bu omi, orúnkún mi kọ̀, mo jókòó padà, oorun kan báyìí ń kùn mí tí mi ò lè ṣàlàyé. Bàbá tó ń gbé yàrá kejì ló fẹ́ wá yá tọ́ọ̀ṣì, wọ́n kanlẹ̀kùn títí, a ò dáhùn, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé, wọ́n wọ́ wa síta nínú òjò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí bóyá a dáná nínú ilé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni àmọ́ kò sí èéfín. Ó ní "Mọ́mì, ìyẹn gan-an ni." Ó ní èédú tó ti pọ́n tí ò rú èéfín mọ́ ṣì ń tú atẹ́gùn olóró kan jáde, carbon monoxide ni wọ́n ń pè é, kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í ta èèyàn lójú, á kàn máa gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá sì ti sùn lọ lè má jí mọ́. Wọ́n fi ọ́síjìn sí wa nímú mọ́jú. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti gbọ́ pé wọ́n bá ìdílé kan nínú ilé tí gbogbo wọn ti kú, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé ṣé èédú wà nínú yàrá ni àbí jẹnẹrétọ̀ wà lójú fèrèsé.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́, ó bú sẹ́kún lórí fóònù, ó sì fi gíríìlì oníná ránṣẹ́. Fúláàtì òkè kẹrin ló ń gbé ní Peckham, àdéhùn ilé wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni dáná èédú lórí bákónì, torí náà gíríìlì yẹn ló ń lò látìgbà tó ti débẹ̀. George Foreman ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ á mọ orúkọ yẹn, òun ni Muhammad Ali nà ní Kinshasa lọ́dún 1974, ráùǹdù kẹjọ ló ṣubú. Lọ́dún 1994 ni gíríìlì tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ jáde, wọ́n sì ti tà ju mílíọ̀nù 100 lọ káàkiri ayé. Irin kan lókè, ìkan nísàlẹ̀, á há ẹran sáàárín, méjèèjì á jọ gbóná, ojú irin ẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rá lè ṣàn lọ sínú àwo kékeré tó wà níwájú.

Ẹja àkọ́kọ́ tí mo gbé sínú ẹ̀, ṣe ló bọ̀. Funfun, ó lúwẹ̀ẹ́ sínú omi ara ẹ̀, awọ ẹ̀ ń fà bíi rọ́bà. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, àṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Tí ìdérí bá ti bo ẹja tútù, omi ara ẹ̀ ò ríbi gbà, ooru ló máa fi sè é. Báyìí, mo máa ń la àrọ̀ láti ẹ̀yìn kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, màá fi iyọ̀ àti ata pa á lára, màá fi sílẹ̀ díẹ̀, màá wá fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Màá jẹ́ kí irin gbóná títí omi tí mo bá ta sí i á fi fò tó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀, ká tó gbé nǹkan lé e. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní kó wọn pọ̀ sínú ẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná màá ṣí ìdérí sílẹ̀. Ó ń dáa, ó ń dáa gan-an, àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́. Bọ̀ọ̀lì náà ṣeé ṣe tí mo bá là á sí méjì lóòró, iṣu ni ò gbọ́ràn, ó nípọn jù. Tí iná bá sì ti rẹlẹ̀, tí gílóòbù kàn ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ má wulẹ̀ gbé e kalẹ̀.

Ní ti owó, gíríìlì 2,000 wáàtì tó bá ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, kò lè jẹ ju yúnìtì kan lọ. Yúnìtì kan ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, ti kọjá 200 náírà láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò pọ̀ lójú mi, èédú náà ti wọ́n. Àwa tí a ò sí ní Band A, tiwa kéré sí i, iná ni ò ní sí lọ́jọ́ tẹ́ja bá wà, jẹ́n kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ò sì lè gbé e. Akọ̀wé yẹn ò mẹ́nu ba èyí rárá.

Kò sì mẹ́nu ba ti adùn. Ọ̀rá tó ń kán sórí ẹyin iná ló ń di èéfín, tí èéfín yẹn á padà lẹ̀ mọ́ ẹran, ibẹ̀ ni adùn ẹ̀ wà, gíríìlì ò sì ní in torí ọ̀rá tiẹ̀ ti ṣàn lọ. Mo mọ̀ pé èéfín yẹn kan náà, pẹ̀lú ibi tó jó dúdú, làwọn dókítà ń kìlọ̀ fún wa pé ó lè fa jẹjẹrẹ, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n àwọn onísúyà tó ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́, wọ́n á kó iná jọ sáàárín, wọ́n á to igi ẹran lóòró yí i ká, orí wọn á fì sọ́dọ̀ iná, ooru ló ń yan án láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀rá ń kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í kán síná, iná ò ní ráyè jó ẹran. Ó wù mí kí wọ́n padà síbẹ̀, wáyà orí dúróòmù ti fẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Ti igi tí akọ̀wé yẹn sọ, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òkè-Ògùn ni púpọ̀ nínú èédú tí à ń jó n'Ìbàdàn ti ń wá, igi òrí sì wà lára ohun tí wọ́n ń gé, igi táwọn ìyá ibẹ̀ ń rí òrí ẹ̀ tà. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jà lórí ìyẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo wà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé òjò ti dé báyìí, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ èédú inú ilé yìí síbi táwọn èèyàn á ti rí i, kí ẹ sì bá wa bá àwọn lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Ìdí tí ayálégbé fi ń gbé iná wọlé ni pé kò síbi tó máa gbé e sí tí òjò bá dé. Nílé wa, gbogbo wa dáwó, òpó 4 àti páànù 6 la fi ṣe tiwa lẹ́yìnkùlé, kò ní ògiri, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá. Bàbá yàrá kejì ló kan páànù ẹ̀. Òjò alẹ́ Àbámẹ́ta tó kọjá bá mi lábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú àrọ̀ mẹ́ta lórí iná, mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi jinná.

Ìyá Ìbejì,
Mọ́níyà, Ìbàdàn