Owó ìwádìí ló yẹ kó ṣáájú owó ilé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo máa ń ka ìpolówó ilé títà tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn yín, pàápàá ti àwọn ilé tó wà lọ́nà Ẹdẹ àti ní Parákìn, n'Ilé-Ifẹ̀ níbí. Iye owó ilé nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ lé iye yẹn kò ní ní kọ́bọ̀ tí yóò fi ṣèwádìí ẹni tó ni ilé náà gan-an, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

Owó ilé kì í dá wá. Ajẹ́ǹtì á gba kọmíṣọ́ọ̀nù, lọ́yà á gba tiẹ̀; ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń gbà. Bí ilé bá jẹ́ mílíọ̀nù 20 náírà, àwọn méjèèjì nìkan lè kó mílíọ̀nù 2 sí 4 lọ. A ò tíì dé orí owó ìfọwọ́sí tí gómìnà gbọ́dọ̀ fún títà ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe là á sílẹ̀, àti owó tí ẹbí onílẹ̀ ń béèrè kí wọ́n tó buwọ́ lùwé.

Ìwádìí gan-an gba sùúrù. Kó tó di oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú. Ẹni tó fẹ́ ra ilé tó ti pẹ́, kó má fi ìwádìí mọ sí Abẹ́rẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Ó yẹ kí lọ́yà rẹ̀ béèrè n'Ìbàdàn náà. Kí wọ́n mú ìwé sọ́fè lọ sọ́dọ̀ awọnlẹ̀ àgbà ìpínlẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà wà lára èyí tí ìjọba ti gbà. Kí wọ́n yọjú sí kóòtù pẹ̀lú, torí ẹni tó ra ilé tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀ ra ẹjọ́ mọ́ ọn.

Ti ẹbí ló ká mi lára jù. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfin ò ka títà náà sí rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí àwọn àgbà ìdí-igi yòókù, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n fagi lé e. Bí onílé bá ti kú, ẹ ní kí àwọn ọmọ mú ìwé àṣẹ ogún tí ilé-ẹjọ́ gíga fún wọn wá. Kẹ́ ẹ tún jókòó ti ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, kẹ́ ẹ bi í pé ta ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Kì í ṣe lásán làwọn èèyàn ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí Abẹ́rẹ̀, kó béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ìwádìí àti fún ìfọwọ́sí, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìpolówó yẹn. Ajẹ́ǹtì tó bá fẹ́ polówó lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó sọ bóyá ilé ẹbí ni tàbí ti ẹnì kan.

Èmi olùkàwé yín,
Parákìn, Ilé-Ifẹ̀.