Lẹ́tà sí Dádì Ẹ̀gbẹ̀, lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Kàbà

Òkun o, Dádì. Ilé ńkọ́, Mọ́mì ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ yín ti ń fúyẹ́ díẹ̀, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níbi ìsìnkú lójú gbogbo ẹbí ni mo fẹ́ fèsì sí. Mo dákẹ́ níjọ́ yẹn torí àgbà ni yín. Ẹ ní kí ló dé tí ẹni tó ní HND, tí wọ́n ń pè ní súpáfáísọ̀, á tún máa gbé sípánà kiri ilé onílé, ṣebí kó jókòó kó máa rán ọmọọṣẹ́ ni.

Dádì, tí mo bá jókòó, ilé yẹn á bàjẹ́ ni. Fúláàtì ló kún inú ọgbà tí mò ń bójú tó yẹn, tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọmọ yunifásítì wà níbẹ̀, kílẹ̀ tó mọ́ ẹnì kan á ti máa kanlẹ̀kùn pé omi ò wá, ẹlòmíì á ní iná tòun nìkan ló ń ṣẹ́jú. Tí mi ò bá fojú ara mi wò ó, ohun tí wọ́n bá wá sọ fún mi náà ni màá gbà. Àwọn pọ́lọ́ńbà kan wà (kì í ṣe gbogbo wọn o) tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí táńkì tó ń ṣàn dànù, wọ́n á ní ká ra tuntun, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù tó yẹ kó léfòó kó ti omi pa ló ti lu, omi ti wọnú ẹ̀, ó ti rì.

Ẹ jẹ́ n sọ ti òjò kan. Atẹ́gùn jà, iná lọ, ó padà dé, gílóòbù fúláàtì kan wá mọ́lẹ̀ yòò, ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń kú lọ bí àtùpà tí epo ẹ̀ ti tán. Ọmọọṣẹ́ mi fẹ́ lọ pààrọ̀ gílóòbù! Mo sáré lọ já búrékà ńlá wálẹ̀ ná. Wáyà neutral, èyí tí iná ń gbà padà, ló já. 230 volt ló yẹ kó máa wọ fúláàtì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n fáásì mẹ́ta, ìyẹn wáyà iná mẹ́ta, ló wọ ọgbà wa, tí neutral bá já, àwọn tó wà lórí fáásì méjì á wá máa pín 400 volt láàárín ara wọn, kò sì ní dọ́gba, ilé tó tan áyọ́ọ̀nù ò ní rí tó, ilé tó tan gílóòbù kan ṣoṣo ni tiẹ̀ á pọ̀ jù, fíríìjì tó bá sì wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Orí òpó ló ti já, ìyẹn kì í ṣe tèmi, àwọn òṣìṣẹ́ iná ni mo pè. Àmọ́ ta ló fẹ́ ti orí àga rí i?

Owó tí wọ́n ń san fún mi níbi iṣẹ́ yìí ò tó nǹkan, mi ò ní parọ́.

Ẹ̀yin náà lẹ tún pè mí lánàá pé pọ́ńpù bọ̀hóòlù yín ń kùn, kò gbómi wá. Dádì, òkúta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, ojú ibi tí òkúta ti sán lomi ti ń sun, tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀ báyìí kì í tètè kún padà. Omi yẹn náà ló ń mú mọ́tò tutù, tómi bá lọ sílẹ̀ tí pọ́ńpù ṣì ń ṣiṣẹ́, á jóná síbẹ̀ ni. Kí ọmọ tó ń bá yín tan pọ́ńpù má tàn án mọ́jú mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ó kàn ń kùn tí kò yí rárá, kapásítọ̀ tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ sí yí, èyí tó wà nínú àpótí òkè, ni mo fura sí, owó kékeré ni, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra pọ́ńpù tuntun, ẹ ní ọmọ yín ń bọ̀.

Màá dé lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ bá mi wá okùn tó le àti ọkùnrin méjì sílẹ̀, torí tó bá di pé a máa fà á jáde, páìpù tómi kún inú ẹ̀ wúwo gan-an.