Ẹ wojú ọjọ́ kí ẹ tó ṣáná sí ìgbẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti Ṣábẹ̀, nílẹ̀ Bénin, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, nítorí iná ìgbẹ́ tó ń pa wá lẹ́kún lọ́dọọdún.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, ẹnìkan sun oko rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ọyẹ́ ń fẹ́. Kí a tó já ewé tútù láti fi pa iná náà, ó ti fo ọ̀nà, ó ti wọ oko kajú ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn igi tó ti tanná jó gbẹ. Kajú kì í ṣe ẹ̀gẹ́ tí a lè tún gbìn kí a sì wà á lẹ́yìn ọdún kan. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin ni kó tó so dáadáa. Ẹni tó dáná náà kì í ṣe ọ̀tá wa. Ó ro àyíká oko rẹ̀, ó sì ní olùrànlọ́wọ́ méjì. Ojú ọjọ́ ni kò wò.

Olóòtú, kì í ṣe ètè wa nìkan ni ọyẹ́ ń gbẹ. Bẹẹrẹ tí ìrì sẹ̀ sí láàárọ̀ kì í yára gbiná, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá pa á di aago méjì ọ̀sán, ó ti di ẹ̀tù. Ẹ fi ti àwọn òkè wa kún un: iná tó ń gun òkè a máa sáré ju èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, nítorí ooru rẹ̀ ti ń yan koríko tó wà lókè sílẹ̀ dè é.

Àwọn àgbà wa mọ èyí. Oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí omi díẹ̀ ṣì wà lára koríko, ni wọ́n máa ń sun àyíká oko, nírọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀. Iná bẹ́ẹ̀ kì í ga. Ti oṣù kejì àti ìkẹta ló ń pa igi dé gbòǹgbò.

Mo bẹ àwọn baálẹ̀ àti olórí ọdẹ wa, ẹ fòfin de iná ọ̀sán nígbà ọyẹ́. Kí rédíò sì máa fi èdè wa ka ìròyìn ojú ọjọ́ Météo-Bénin, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, lálaalẹ́, kí wọ́n sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí àti bó ṣe le tó. Ẹni tó bá sì dáná nírọ̀lẹ́, kó má sùn títí yóò fi bu omi pa gbogbo kùkùté. Iná a máa ba sínú wọn mọ́jú, ọyẹ́ òwúrọ̀ ni yóò tún fẹ́ ẹ dìde.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ àgbẹ̀ kan, Ṣábẹ̀