Kúnmi, o dé éápọ́ọ̀tù lo wá yí padà?

Kúnmi ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí mo ti ń wo fóònù yìí. Mo pè, kò wọlé. Mo fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó dé ọ̀dọ̀ ẹ, àmì méjì yẹn kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni, kò di búlúù. Màmá ẹ ní kí n má kọ nǹkankan, pé tí ara ẹ bá balẹ̀ wàá pè, àmọ́ èmi ò róorun sùn mọ́, òun ni mo fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ yìí tí mò ń fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ gígùn báyìí.

Ohun tó dé etí mi ni pé o dé éápọ́ọ̀tù ní Frankfurt. Wọ́n ní ẹrù wà lọ́wọ́ ẹ, tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ ẹ, ọmọ Ìyá Tóbi tó ń gbé níbẹ̀ rí ẹ kòrókòró, ó kí ẹ, o dá a lóhùn, kó tó tún bojú wẹ̀yìn o ti ń wọ́ báàgì ẹ padà lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ rélùwéè. Ṣé òótọ́ ni? O dé ẹnu ọ̀nà lo wá yí padà? Kí lo rí? Ejò ni?

Ilé wà dáadáa o. Àǹtí ẹ ti bímọ, obìnrin. Ẹ̀rọ ìránbàtà ńlá yẹn tún ti kọṣẹ́, ọwọ́ ni mo fi ń rán báyìí. NEPA bó ṣe wà ló wà.

Baba tó o máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn, Winckelmann, òun ló ń dà mí láàmú. Ìwọ lo mú un wọnú ilé yìí ṣá. Lọ́dún tó o fẹ́ lọ, o jókòó sórí àpótí níwájú mi, mò ń kan gìgísẹ̀ bàtà kan, o ní, "Dádì, ẹni tó dá iṣẹ́ akiọ́lọ́jì tí mo fẹ́ ṣe yìí sílẹ̀, ká wa ilẹ̀ ká fi mọ ìtàn ayé àtijọ́, ọmọ aránbàtà ni bíi tèmi." Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Mo gbọ́. Stendal ní Jámánì, 1717, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá àti ìyá ẹ̀ bí. Ó ń bá àwọn ọmọ iléèwé kọrin kiri ìgboro kó lè rówó kàwé, ó ń kàwé fún ọ̀gá iléèwé tójú ẹ̀ ti fọ́. Nígbà tó o lọ sí Stendal tó o fi fọ́tò ẹṣin onígi gàgàrà tó wà ní mùsíọ́mù wọn ránṣẹ́, tí ìwọ dúró sábẹ́ ẹ̀ bí èèrà, kò sí ẹni tó wá tún bàtà ṣe tí mi ò fi hàn. Mi ò kàn sọ ohun tó gbé ẹ débẹ̀ fún wọn ni. Màá padà sórí ìyẹn.

Mo ní kí ọmọ ilé kejì bá mi wá ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń kà á, mò ń gbọ́, mò ń lu àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà lọ. Ó ṣe tíṣà ní Seehausen fún ọdún márùn-ún, lọ́sàn-án á máa kọ́ ọmọdé, lóru á máa ka ìwé Gíríìkì. Ó ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ọlọ́lá kan nítòsí Dresden. Ó di Kátólíìkì ní 1754 kí Róòmù lè gbà á (ìyẹn ò dùn mọ́ mi, má parọ́ fún Ọlọ́run nítorí iṣẹ́ o), ó dé Róòmù ní 1755, nígbà tó fi máa di 1763 òun ni wọ́n fi ṣe olórí lórí gbogbo nǹkan ìgbàanì tó wà níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tẹ ìwé ńlá tó kọ lórí ìtàn iṣẹ́ ọnà ìgbàanì jáde, tó ní iṣẹ́ ọnà náà ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dàgbà, ó ń darúgbó, bí èèyàn. Ọmọ aránbàtà! Inú mi dùn débi tí mo fi fi hámà lu ìka ara mi. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ sọ̀rọ̀ Gíríìsì yìí, kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ rí.

Ibi tọ́mọ náà wá kà dé ló bà mí lẹ́rù. April 1768 ni baba yìí ní òun ń lọ kí àwọn ará ilé. Ọdún kẹtàlá tó ti kúrò nílé nìyẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń retí ẹ̀, kódà Goethe, tó padà di òǹkọ̀wé ńlá ní Jámánì àmọ́ tó ṣì jẹ́ ọmọ iléèwé ní Leipzig nígbà náà, ń retí kó kọjá kóun lè rí i. Òun àti Cavaceppi tó ń gbẹ́ ère ni wọ́n jọ ń lọ. Àfi bí wọ́n ṣe wọ àárín òkè Alps, ó wo òkè, ó wo àwọn òrùlé ilé tó yọ ṣónṣó, ọkàn ẹ̀ bá bàjẹ́. "Ẹ jẹ́ ká padà sí Róòmù." Ká padà, ká padà, ohun tó ń wí lójú ọ̀nà nìyẹn. Òrùlé, Kúnmi! Ẹni tó ń lọ sílé rí òrùlé, ó lóun ò lọ mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó dé Vienna, Ọbabìnrin Maria Theresa fún un ní mẹ́dà góòlù àti ti fàdákà, ibà dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó dìde, òun nìkan ló ń padà lọ. Ó wọ òtẹ́ẹ̀lì ní Trieste, ó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Kò jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tóun jẹ́. Ẹnì kan wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́, Francesco Arcangeli, tó ti ṣẹ̀wọ̀n olè rí. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń rìn kiri. Winckelmann wá fi mẹ́dà yẹn han án. June 8, ọkùnrin yẹn ju okùn sí i lọ́rùn, ó tún fọ̀bẹ gún un. Ó tó wákàtí mélòó kan kó tó kú. Ẹni àádọ́ta ọdún.

Ojú tó mọ ère tó báyẹn ò mọ èèyàn. Mengs, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ ayàwòrán, náà ti ya àwòrán tuntun rí kó dà bíi ti ayé àtijọ́, Winckelmann gbà pé ti àtijọ́ ni lóòótọ́, ó tún yin àwòrán náà sínú ìwé ńlá yẹn.

Ta ló wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹ? Ta lẹ jọ ń jẹun? Tó o bá yí padà láti Frankfurt, ibo lo gbà lọ? Ṣé dátà wọ́n ní Jámánì débi tóò lè tẹ "mo wà láàyè" ni? Mi ò bínú o. Irọ́ ni, mò ń bínú. Àkànní, jọ̀ọ́, ṣó o ń jẹun?

Mo kọ́kọ́ rò pé owó ni. Owó tóò fi ránṣẹ́ láti December ò dùn mí, Ọlọ́run ń gbọ́. Lóru àná ni mo wá rántí ọjọ́ tó o pè pé o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Tó o bá dé, táwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá bi ẹ́, dókítà lò ń kọ́ o, má dárúkọ ilẹ̀ wíwà fún wọn." O dákẹ́. O ní, "Sà, ṣé ohun tẹ́ ẹ ti sọ fún wọn nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó ọdún mẹ́ta. O tún dákẹ́, lo wá ní ó dàárọ̀ sà. Mi ò tíì gbóhùn ẹ látìgbà yẹn.

Àṣé èmi gan-an ni òrùlé tó o rí.

Ojú ló ń tì mí, Kúnmi. Àwọn tí mò ń tún bàtà wọn ṣe, ọmọ tiwọn di lọ́yà, di dókítà, mo ní tí mo bá sọ pé ọmọ tèmi ń hú àpáàdì nílẹ̀, wọ́n á ní kí ni wọ́n tún fẹ́ kí aránbàtà bí. Bàbá Winckelmann kú ní 1750, ìyá ẹ̀ ti ṣáájú ẹ̀ lọ, ọmọ wọn ò tíì di nǹkankan. Aránbàtà yẹn ò gbọ́ Róòmù, kò rí ìwé. Èmi rí tèmi láàyè, mo lọ fi pamọ́.

Mo ti tú u ká ní Sọ́ńdè. Mo dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ bàbá, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mo ní ọmọ mi kì í ṣe dókítà oníṣègùn, ilẹ̀ ló ń wà, akiọ́lọ́jì ni wọ́n ń pè é. Gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá kan wá ní, "Ṣé wọ́n máa ń rí góòlù níbẹ̀?" Ìbéèrè tí wọ́n ní ò jùyẹn lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀rù ìbéèrè yẹn.

Nítorí náà, má fi ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ han ẹni tóò mọ̀, jẹ́ kí ẹnì kan mọ ibi tó o sùn, tí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn bá ti jóná sọ fún mi, màá ta ẹ̀rọ yẹn bó ṣe bàjẹ́ náà. Bí wàá bá tún wá, má dúró wo òrùlé kankan.

Mo ti ń rán sàńdáàlì kan fún ẹ láti ìgbà tó o ti ní ò ń bọ̀. Awọ gidi ni. Ó ku okùn ọrùn ẹsẹ̀, mi ò tíì gé e. Màmá ẹ ní kí n bi ẹ́, ṣé 43 náà ni ẹsẹ̀ ẹ ṣì ń wọ̀?

Dádì ẹ