Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Nọ́ọ̀sì Lórí Wákàtí Àdúrà

Kábà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Òkun o. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ alẹ́ kò mu ọ́ lómi jù? Gbogbo ilé ń kí ọ. A ti ń ṣa kajú, baba rẹ kì í sì í wálé kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Mo ka ohun tí o kọ, pé o fẹ́ máa gbàdúrà nígbà méje lóòjọ́ bí àwọn Kristẹni àtijọ́. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má fi méje bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń yí iṣẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sán bọ́ sí òru kò ní pẹ́ kọsẹ̀ lórí méje, ọkàn rẹ̀ á máa dá a lẹ́bi, á sì pa gbogbo rẹ̀ tì.

Inú Bíbélì ni wákàtí wọ̀nyí ti wá. Onísáàmù ní ìgbà méje lóòjọ́ ni òun ń yin Ọlọ́run. Dáníẹ́lì a máa kúnlẹ̀ nígbà mẹ́ta. Wákàtí kẹfà ni Pétérù gun òkè ilé lọ gbàdúrà ní Jópà, wákàtí kẹsàn-án ni òun àti Jòhánù ń lọ sí tẹ́ńpìlì tí wọ́n fi bá arọ pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà kẹfà ni aago méjìlá ọ̀sán, kẹsàn-án sì ni aago mẹ́ta, àkókò tí Jésù jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹfà, Benedict, aṣáájú àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ láti jọ máa gbé kí wọ́n sì máa gbàdúrà, kọ òfin fún wọn ní Ítálì: kí wọ́n péjọ nígbà méje lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀kan lóru, kí wọ́n sì ka Sáàmù 150 tán lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó le. Ṣùgbọ́n Benedict yìí kan náà ló ní ẹni tí iṣẹ́ bá gbé jìnnà sí ilé àdúrà, kó kúnlẹ̀ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú gan-an nìyẹn. Bí o bá ń ti wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí èkejì, tí aago mẹ́ta lù, "Olúwa, ṣàánú wa" tó.

Ìjọ Áńgílíkà tiwa náà dín in kù. Nínú Ìwé Àdúrà ọdún 1549, Cranmer, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nígbà náà, kó wákàtí wọ̀nyẹn jọ sí méjì, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Orin Màríà tí à ń kọ nírọ̀lẹ́, àdúrà ìrọ̀lẹ́ àwọn mọ́ǹkì ló ti wá. Orin Síméónì sì wá láti inú èyí tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó sùn. Nítorí náà, bí o bá di àdúrà òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ yìí mú, o ò fi nǹkan kan du ara rẹ.

Lọ́sẹ̀ tí o bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́, má wo aago àwọn tó ń sùn. Gba ti òwúrọ̀ nígbà tí o bá jí, kódà bó jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Láàárín òru, ka Sáàmù 134. Ẹsẹ mẹ́ta péré ni, àwọn tó ń dúró lóru nínú ilé Olúwa ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń rántí rẹ bí mo bá ti kà á.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí aláìsàn tí o ti tọ́jú fún ọjọ́ pípẹ́ máa kú lójú rẹ. Wàá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì ní jáde lẹ́nu rẹ. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń rò tí mo fi ń rọ̀ ọ́ pé kí o ní àkókò tó dúró, kí o sì ní Sáàmù ọjọ́ náà níwájú rẹ. Kò dìgbà tí o bá rí nǹkan sọ. Ka èyí tó wà níbẹ̀, bí o tilẹ̀ ń sunkún. Àìmọye àwọn tó ṣáájú wa ló ti ka ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìṣòro tiwọn. Èmi gan-an, Sáàmù ló gbé mi ró nígbà tí ìyá mi kú.

Mo ti fi Ìwé Àdúrà kan rán awakọ̀ sí ọ. Wọ́n pín Sáàmù inú rẹ̀ sí ọgbọ̀n ọjọ́, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Fi aláàmù sí fóònù rẹ. Bí o bá ti yan wákàtí tìrẹ, sọ fún mi, kí n lè máa gbà á láti ìhín lásìkò kan náà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ