Ẹ Jẹ́ Kí Ẹja Lè Tán Nínú Géèmù Ìlú Orí Òkun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ lórí àwọn géèmù kọ̀ǹpútà tí ènìyàn fi ń tẹ ìlú dó sórí erékùṣù àti sórí omi òkun. Inú mi dùn pé òǹkọ̀wé yín kò ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí ìranù, pé ó jókòó tì í, ó sì rò ó bí àgbàlagbà ṣe ń ro ọ̀rọ̀ tó nídìí. Ṣùgbọ́n ó sọ níbì kan pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òkun ṣe ń bọ́ ìlú, kó lọ ṣe àwọn géèmù wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì mú kí n kọ lẹ́tà yìí. Wọn kò tíì fi bí òkun ṣe ń bọ́ ìlú hàn wá, wọn kò sì ní lè fi í hàn títí di ìgbà tí àwọn tó ń ṣe wọ́n bá gbà kí ẹja inú wọn lè tán.

Mi ò sọ pé àwọn géèmù náà kò níláárí o. Láti ìgbà tí Anno 1602, àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ géèmù Anno, ti jáde lọ́dún 1998 ni irú eré yìí ti ń jẹ́ kó yé wa pé ilẹ̀ kì í pọ̀ láàárín òkun. Erékùṣù kan lè ní irin kó má ní ilẹ̀ tí irè kan pàtó lè hù, èyí tó wà lódìkejì á ní ilẹ̀ náà, kò sì ní ní irin. Ẹni tó ń ṣe géèmù yóò wá kan ọkọ̀, yóò la ọ̀nà òwò láàárín méjèèjì, yóò sì máa ṣọ́ àwọn olè ojú omi, nítorí bí ọkọ̀ kan bá rì, ìyà dé bá odidi ìlú nìyẹn. Flotsam, tí ilé iṣẹ́ Pajama Llama ní Belgium kọ́kọ́ gbé síta lọ́dún 2019, gba ọ̀nà mìíràn: ìlú inú rẹ̀ kò ní ilẹ̀ rárá, igi àti ike tó ń léfòó ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣà jọ láti fi kọ́lé, omi iyọ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ di omi mímu. Nínú Aquatico, tó jáde lọ́dún 2023, abẹ́ omi gan-an ni ìlú wà, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí sì di ohun tí wọ́n ń wá kiri bí àwa ṣe ń wá oúnjẹ. Gbogbo èyí dára, ó sì gba ọgbọ́n.

Ẹja ni wọn kò fọkàn sí. Ẹ jẹ́ ká wo Anno 1800, tó jáde lọ́dún 2019, nítorí ó wà lára àwọn tí ènìyàn mọ̀ jù. Ẹja wà lára ohun àkọ́kọ́ tí àwọn àgbẹ̀ inú rẹ̀ ń béèrè. Ẹni tó ń ṣe géèmù yóò kọ́ ilé ìpẹja sí etí omi, ọkọ̀ kékeré yóò ti ibẹ̀ jáde, yóò sì padà, tọ́ọ̀nù ẹja kan yóò sì wọlé ní gbogbo ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ilé ìpẹja kan ṣoṣo tó láti bọ́ 800 àgbẹ̀. Bí wọ́n bá di 1,600, yóò kọ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá di 8,000, yóò kọ́ mẹ́wàá sí etíkun kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì máa kó tọ́ọ̀nù kan wálé ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú gẹ́gẹ́ bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí iye ọkọ̀ tí omi náà kò lè gbà, kò sì sí ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò padà lófìfo.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tó ṣe géèmù yìí mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń so iṣẹ́ mọ́ ìṣẹ̀dá. Nínú Anno 1800 kan náà, ahéré àwọn agégẹdú kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa bí igi tó yí i ká kò bá tó, ti àwọn ọdẹ náà sì rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ṣán igbó tán láti fi kọ́lé kò ní rí ẹran jẹ. Nínú Anno 1404, tó jáde lọ́dún 2009, ihò ìwakùsà a máa gbẹ, ẹni tó bá fẹ́ kó tún mú nǹkan jáde yóò náwó sí i. Anno 2070 tiẹ̀ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, òkun ti kún bo ilẹ̀, ènìyàn ń gbé lórí ohun tó ṣẹ́kù, bí ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ àti ti iná èédú bá sì pọ̀ jù ní erékùṣù kan, irè oko ibẹ̀ yóò dín. Igi ní òpin, ẹran igbó ní òpin, ilẹ̀ oko a máa rẹ̀. Kí ló dé tí ẹja kò ní òpin nínú géèmù tí òkun gba ojú rẹ̀ kan?

Bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etíkun Newfoundland, ní Kánádà, kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí 500 ọdún ni wọ́n fi ń pa ẹja kọ́ọ̀dù níbẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọkọ̀ ńláńlá dé láti òkè òkun, àwọn ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun, tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń sọ ẹja di yìnyín nínú, tí wọ́n sì lè wà lójú agbami fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lọ́dún 1968, ẹja kọ́ọ̀dù tí wọ́n kó níbẹ̀ lé ní 800,000 tọ́ọ̀nù. Kánádà sún ààlà rẹ̀ dé 200 máìlì ojú òkun lọ́dún 1977, ó lé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àjèjì, ó sì fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1992, ìjọba pàṣẹ pé kí iṣẹ́ náà dúró, nítorí ẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún 2024 ni ìjọba tó fòpin sí àṣẹ náà, 18,000 tọ́ọ̀nù péré ni wọ́n sì fàyè gbà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn ọkọ̀ ńlá yẹn ń kún títí ó fi kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ dojú rú. Bí ẹja ṣe ń dín, èyí tó kù ń kóra jọ sójú kan, àwọn apẹja sì ti ní ẹ̀rọ tó ń tọ́ka ibi tó wà fún wọn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wo inú ọkọ̀ nìkan yóò rò pé òkun ṣì kún fọ́fọ́. Àwọn apẹja kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ létí òkun ti rí i pé nǹkan ti yí padà, wọ́n ń pariwo ní àwọn ọdún 1980, àwọn aláṣẹ kò sì fún ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n tó yẹ. Ọkọ̀ tó ń padà wálé pẹ̀lú ẹrù kan náà ní gbogbo ìgbà ló tan àwọn aláṣẹ jẹ, ọkọ̀ yẹn gan-an sì ni géèmù ń fi hàn wá bí ẹni pé bí òkun ṣe rí nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: pé eré ni eré ń jẹ́, pé bí ẹja bá ń tán, adùn rẹ̀ á lọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Adùn irú géèmù yìí kò sí níbòmíràn ju inú àìtó lọ. Bí irin bá wà ní gbogbo erékùṣù, ta ni yóò kan ọkọ̀? Iṣẹ́ náà kò sì le fún kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1954 ni Milner Schaefer, onímọ̀ nípa ẹja, ti fi ìṣirò ṣókí kan ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí ẹja bá kún inú omi dé góńgó, kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́, nítorí oúnjẹ àti àyè kò tó. Nígbà tó bá sì ṣẹ́kù díẹ̀, kì í yára pọ̀, nítorí àwọn tó ń bímọ kò tó nǹkan. Àárín méjèèjì ló ti ń bí sí i jù. Ẹni tó bá ń fi nǹkan bí ìdajì sílẹ̀ nínú omi lè máa kó púpọ̀ lọ́dọọdún láìdẹ́kun. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ọ̀pọ̀ àfikún sí ìṣirò yìí láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó tó fún géèmù. Dennis Meadows, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, pàápàá ti fi irú rẹ̀ ṣe eré kan, Fish Banks, tí wọ́n ń lò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́: ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni àwọn olùkópa máa ń ra ọkọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń pa ẹja tán kí wọ́n tó mọ̀. Kò sí ẹni tó ń sùn nídìí eré náà.

Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí yóò mú wọ inú ìlú orí òkun. Aláṣẹ ìlú yóò ní láti pinnu iye ọkọ̀ tó lè jáde, ìwọ̀n ojú àwọ̀n, àti oṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja kí ẹja lè yé ẹyin. Ibi tí omi kò ti jìn létí erékùṣù, tí koríko abẹ́ omi wà, ni ọmọ ẹja máa ń sá pamọ́ sí. Ibẹ̀ náà sì ni ó rọrùn jù láti kọ́ èbúté sí. Ẹni tó bá kọ́ èbúté bo koríko yẹn yóò rí owó òwò lónìí, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn ilé ìpẹja rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Bí ẹja omi tirẹ̀ bá tán, ṣé yóò lọ pa á ní omi aládùúgbò ni, ṣé yóò rà á, tàbí yóò jẹ́ kí àwọn ará ìlú rẹ̀ kó lọ? Mi ò mọ géèmù ìlú orí erékùṣù kan tó tíì bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó sì wù mí kí n jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan kí n máa ronú nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sójú kọ̀ǹpútà nìkan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, UN-Habitat, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú àti ibùgbé, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi àwòrán Oceanix Busan hàn, ìlú tó ń léfòó tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí etíkun Busan ní Kòríà Gúúsù, fún 12,000 ènìyàn lórí hẹ́kítà 6.3. Àwọn ọmọ tó ń ṣe géèmù yìí lónìí wà lára àwọn tí yóò kọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí wọn yóò máa gbé inú rẹ̀, tàbí tí wọn yóò dìbò lórí rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, kò pọ̀. Nígbà tí òǹkọ̀wé yín bá tún fẹ́ yẹ irú géèmù yìí wò, ẹ ní kó kọ́ ilé ìpẹja mẹ́wàá sí etíkun kan ṣoṣo, kó jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kó sì kọ iye ẹja tó ń wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí fún wa, kó tó fún géèmù náà ní máàkì.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.